Iṣẹ́ Ẹrú, Iṣẹ́ Ọmọ: Ohun Tí Ọdẹ Kọ́ Mi Nípa Ẹ̀rọ Tí Ń Dá Yìnbọn

"Àṣàkẹ́, ṣé o ò tíì kàwé tán ni?"

Ìbéèrè tí màámi fi pàdé mi nìyẹn ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí mo sọ̀ nínú ọkọ̀ ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2023. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ti gbo mí bí ẹni gbo ewé, eruku ọyẹ́ ti sọ irun mi di pupa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé ló ká màámi lára. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n ti ṣe ìnáwó oyè ọ̀mọ̀wé mi, tí ẹbí dá aṣọ, tí wọ́n pa ewúrẹ́. Lójú tiwọn, ẹni tó bá ti di ọ̀mọ̀wé ti gun igi dé ṣóńṣó. Ewé wo ló tún fẹ́ já lókè níbẹ̀?

Mo ṣàlàyé fún wọn pé postdoc kì í ṣe oyè. Iṣẹ́ ni. Yunifásítì kan ní Jámánì gbà mí fún ọdún méjì, wọ́n ń sanwó oṣù fún mi kí n máa ṣèwádìí lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI), ètò ààbò àti òfin àgbáyé. Màámi ní, "Ètò ààbò bíi ti Àmọ̀tẹ́kùn?" Mo ní ó fẹ́ fara jọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ fún àwọn oníbàárà wọn lọ́jà pé ọmọ àwọn ń bá òyìnbó ṣe Àmọ̀tẹ́kùn. Mi ò já wọn nírọ́.

Ohun tí mo ń ṣe gan-an rèé. Àwọn ohun ìjà kan wà báyìí tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti tú wọn sílẹ̀ tán, àwọn fúnra wọn ni yóò wá ẹni tí wọ́n máa pa. Kámẹ́rà á ríran, kọ̀ǹpútà á ṣírò, ìbọn á dún, ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kan ohunkóhun láàárín. Ìbéèrè mi ni pé bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá pa ẹni tí kò yẹ kó pa, ọrùn ta ni òfin máa gbé e kọ́? Ṣé ẹni tó kọ ètò rẹ̀ ni, àbí ọ̀gágun tó tú u sílẹ̀, àbí ìjọba tó rà á?

Ìbéèrè náà kò mọ níwọ̀n báyìí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo di ẹrù tó ju orí mi lọ: ìkọlù orí íntánẹ́ẹ̀tì, fídíò ayédèrú lásìkò ìbò, jíjí dátà ará ìlú, dúróònù, gbogbo rẹ̀ ni mo kó sínú ìwé àbá kan ṣoṣo. Oṣù mẹ́jọ ló gbà mí kí n tó gé e kù sórí ohun ìjà nìkan. Bí ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí bá fẹ́ wọ irú iṣẹ́ yìí, kó tètè gé tiẹ̀. Oṣù mẹ́jọ tèmi ti lọ ná.

Èyí tó tún dójú tì mí ni ti Líbíà. Lọ́dún 2021, àwọn ìwé ìròyìn pariwo kiri ayé pé dúróònù kan tí wọ́n ń pè ní Kargu-2, tí wọ́n ṣe ní Tọ́kì, ti dá pa èèyàn ní Líbíà láìsí ẹni tó pàṣẹ fún un. Mo fi ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé àkọ́kọ́ iṣẹ́ mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó mi fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: "Ṣé o ka ìjábọ̀ náà fúnra rẹ̀?" Mi ò kà á. Ìwé ìròyìn ni mo kà. Nígbà tí mo wá ṣí ìjábọ̀ tí àwọn amòye Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún náà, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló sọ lórí rẹ̀. Ó ní lọ́dún 2020, wọ́n fi irú àwọn ohun ìjà bẹ́ẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun tó ń sá padà àti ọkọ̀ ẹrù wọn. Kò sí ibi tó ti sọ ní pàtó pé Kargu-2 dá pa ẹnì kan báyìí. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní: ohun ìjà tí wọ́n ń yìn, tí wọ́n ń gbàgbé, tí yóò sì lọ wá ẹni tó máa pa fúnra rẹ̀. Mo fi èyí rọ́pò ariwo tí mo kọ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mi ò bá tíì fojú ara mi rí ìwé, mi ò kì í dárúkọ rẹ̀.

Òfin ogun tí mo fi ń ṣiṣẹ́ dàgbà ju àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí lọ. Àdéhùn Geneva mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ti ọdún 1949, Àfikún Àkọ́kọ́ wọn jẹ́ ti 1977. Abala 36 nínú Àfikún yìí ní orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ ṣe ohun ìjà tuntun tàbí tó fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òfin gbà á. Abala 50 ní bí iyèméjì bá wà bóyá ará ìlú lẹnì kan, ará ìlú ni kí á kà á sí. Abala 57 ní ẹni tó fẹ́ kọlu ibì kan gbọ́dọ̀ sa gbogbo ipá rẹ̀ kó fi rí i dájú pé kì í ṣe ará ìlú ló fẹ́ lù. Kò nira láti kà. Àmọ́ kí ni iyèméjì nínú kọ̀ǹpútà? Nọ́ńbà ni. Ẹ̀rọ lè ní ó dá òun lójú tó 89 nínú 100 pé jagunjagun nìyí. Ṣé 89 tó láti gbẹ̀mí èèyàn? Bó bá sì tó, ta ló sọ pé ó tó? Kì í ṣe ẹni tó wà lójú ogun. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni, tó jókòó sí ọ́fíìsì tútù lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, tó tẹ nọ́ńbà náà sínú ètò, tó sì lọ jẹun ọ̀sán.

Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé Yúróòpù ti ṣòfin lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá. Lóòótọ́, òfin wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Ohun tí wọn kì í kà ni ibi tó ti yọ ohun ogun sílẹ̀ pátápátá.

Kí ló wá gbé mi wá sílé? Gbogbo ìwé tí mo ti kà, ọ̀gágun, agbẹjọ́rò àti onímọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ń bi. Kò sẹ́ni tó bi ọdẹ. Ìlú ọdẹ sì ni ìlú wa. Ògúnlọlá, Ṣọ̀ún àkọ́kọ́, ọdẹ ni. Orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, tí ìtàn ní ó gbé lọ fún Aláàfin ni orúkọ ìlú ti wá. Ọfà ló fi ta Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, gbogbo ayé ló sì mọ ẹni tó ta ọfà náà. Mo kọ èyí sínú ìwé tí mo fi bẹ̀bẹ̀ owó ìrìn àjò, wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́ta. (Ká má purọ́, ọkà àti gbẹ̀gìrì wà lára ìdí tí mo fi tọrọ oṣù mẹ́ta dípò méjì.)

Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Under G ni mo kọ́kọ́ yà sí. Ó wa ètò kan jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí wọ́n ti kọ́ láti máa dá ìbọn mọ̀ nínú fọ́tò. Èmi àti òun gba ọ̀nà oko lọ ní òwúrọ̀ kan, a tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tí a bá pàdé, a ya fọ́tò wọn. Ọkùnrin kan gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Ọmọ Bòròrò kan fi ọ̀pá dá màlúù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Ọdẹ, ń ti igbó bọ̀ pẹ̀lú ìbọn ṣakabùlà àti òyà méjì. Nígbà tí a kó fọ́tò sínú ẹ̀rọ, ó fi àpótí pupa yí ọkọ́ ká, ó ní ìbọn ni. Ó fi ọmọ Bòròrò sílẹ̀. Ó fi àpótí pupa yí Bàbá Ọdẹ ká, ìbọn ni.

Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín nítorí ọkọ́. Ó ní fọ́tò àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ni kò sí nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, pé bí a bá fún un ní fọ́tò ọkọ́ tó pọ̀ tó, yóò mọ̀ ọ́n. Mo gbà fún un. Ti ọkọ́ kọ́ ló dẹ́rù bà mí. Ti Bàbá Ọdẹ ni, nítorí ẹ̀rọ náà kò ṣì í. Ìbọn ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbọn lọ́wọ́ ọdẹ kò sọ ọdẹ di ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Òfin ogun pàápàá kò ní kí á pa ará ìlú nítorí pé ó gbé ìbọn. Àfi bó bá fúnra rẹ̀ ń bá wọn jà, àti ní àkókò tó bá ń jà nìkan. Fọ́tò mélòó la máa fi kọ́ kọ̀ǹpútà ní ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó gbé ìbọn?

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé fóònù lọ fún Bàbá Ọdẹ ní iwájú ilé wọn. Wọ́n wo àpótí pupa tó yí wọn ká, wọ́n wò ó títí.

"Àṣàkẹ́, ohun tí kọ̀ǹpútà rí nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Òyà ńkọ́? Kò rí òyà?"

Mo ní wọn kò kọ́ ọ ní òyà.

"Ẹni tó bá rí ìbọn tí kò rí òyà, kí ló rí?"

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n tan ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀. Ibí ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Yunifásítì ti fún mi ní fọ́ọ̀mù kan, ojú ewé mẹ́rin, pé kí ẹni tí mo bá fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá dáadáa. Bàbá ní àwọn ò fọwọ́ sí nǹkan kan, pé ìwé tí àwọn ti fọwọ́ sí láyé àwọn kò tíì ṣe àwọn lóore rí. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, kí n gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Mo kọ lẹ́tà sí yunifásítì, wọ́n gbà pé kí Bàbá sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ pé àwọn fi ara mọ́ ọn. Wọ́n tún ní n kò gbọdọ̀ kọ orúkọ Bàbá síbì kankan. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń ka Bàbá Ọdẹ níbí yìí.

"Bàbá, lóru, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ẹran ni?"

"Èèyàn kì í mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì orí mi á bá nǹkan tó ń tàn. Ó lè jẹ́ ojú ẹtu. Ó lè jẹ́ ajá ọdẹ mìíràn. Ó lè jẹ́ tọ́ọ̀ṣì ọdẹ ẹlẹgbẹ́ mi tó fara pamọ́ sẹ́yìn ewé. N ó dúró. N ó wo bó ṣe ń rìn. Bí kò bá tíì yé mi, n ó súfèé. Ẹran kì í dá ìfé lóhùn."

"Bó bá sá lọ ńkọ́?"

"Kó máa lọ. Ṣé òun nìkan ni ẹran tó wà nígbó ni?"

Mo sọ Abala 50 àti 57 fún wọn, mo rò pé ẹnu á yà wọ́n. Wọ́n kàn mi orí. "Ọdún wo ni wọ́n kọ ọ́?" Mo ní 1977. "Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́."

Mo wá bi wọ́n pé bí ọdẹ bá ṣèèṣì yìnbọn lu èèyàn ńkọ́. Wọn ò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní nínú ẹgbẹ́ tiwọn, ọdẹ náà á gbé ìbọn kalẹ̀ níwájú Olúọdẹ, kò sì ní wọgbó títí ọ̀rọ̀ á fi tán. Ọlọ́pàá á gbọ́. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ló máa rìn lọ sílé olókùú, kò gbọdọ̀ rán ẹnikẹ́ni. Wọ́n yíjú sí mi. "Ẹ̀rọ tìrẹ yìí, ta ló máa gbé ìbọn rẹ̀ kalẹ̀?"

Mo ní ìjọba tó ni ín. Mo ṣàlàyé pé lábẹ́ òfin àgbáyé, ohun tí ọmọ ogun orílẹ̀-èdè bá ṣe, orílẹ̀-èdè yẹn ló ṣe é.

"Ìjọba," ni wọ́n wí. "Ìjọba ní ẹsẹ̀ tó lè fi rìn délé olókùú?"

Mi ò rí ìdáhùn fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá, ọjọ́ Sunday, dúróònù àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ju bọ́ǹbù sí Tudun Biri ní ìpínlẹ̀ Kaduna, níbi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe Mọ́líìdì. Ó kéré tán, 85 ni wọ́n sin. Iléeṣẹ́ ológun gbà pé àwọn ni, pé àwọn ṣi àwọn èèyàn náà mú, àwọn rò pé àgbájọ àwọn agbébọn ni. Rédíò ló sọ ọ́ fún wa nílé. Màámi pa iná ẹ̀bà, wọ́n jókòó. Gbogbo iṣẹ́ mi, tí mo ti ń kọ fún ọdún kan ààbọ̀ bí ẹni ń sọ ìtàn ọjọ́ iwájú, wá dúró sílé wa.

Bàbá Ọdẹ ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá irú ẹ̀rọ mi ni. Mo ní rárá, èèyàn ló ń darí èyí, èèyàn ló wò ó, èèyàn ló sì pinnu. Wọ́n ní, "Ṣé ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀?" Mo ní ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ sí abúlé náà, ó tọrọ àforíjì.

"Ó lọ?"

"Ó lọ, Bàbá."

"Èèyàn ló wà nídìí ẹ̀ ló jẹ́ kó lọ. Kò tó, ṣùgbọ́n ó lọ." Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tó di orí kẹrin iṣẹ́ mi. "Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn tó ṣi èèyàn mú wọ̀nyí, wọ́n lè fi tọmọ jẹ́ ẹ, wọn ò ṣe é ni. Ìyẹn la fi lè dá wọn lẹ́bi. Ẹ̀rọ tìrẹ ò lè fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ láé. Ọ̀nà tí o bá rán an ló máa gbà."

Láti ọdún 2014 ni àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè ti ń pàdé ní Geneva lórí ọ̀rọ̀ àwọn ohun ìjà yìí. Lọ́dún 2019, wọ́n fẹnu kò lórí ìlànà 11. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé mi, wọn kò tíì jọ gbà lórí ohun tó túmọ̀ sí pé kí èèyàn ṣì máa darí ohun ìjà ní tòótọ́. Àwọn kan ní kí èèyàn kan wà tó máa tẹ bọ́tìnnì ti tó. Mo ti ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpilẹ̀kọ tó ń jà lórí èyí. Òwe yẹn là á sí méjì fún mi. Ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì nítorí pé àpótí ti pupa, iṣẹ́ ẹrú ló ń jẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ èèyàn. Ohun tí òfin ń béèrè ni ẹni tó lè dúró, tó lè súfèé, tó lè ní kó máa lọ. Bí ẹ̀rọ bá yára débi pé kò sí àyè láti dúró, kò sí ẹni tó ń darí rẹ̀, iye èèyàn yòówù kó jókòó tì í.

Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí ní New York. Iná ti lọ láti àárọ̀. Inú fóònù tí mo so mọ́ páwà báǹkì ni mo ti tọpa rẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò. Orílẹ̀-èdè 152 ní bẹ́ẹ̀ ni, 4 ní bẹ́ẹ̀ kọ́, 11 dákẹ́. Mo sáré lọ sọ fún Bàbá.

"Kí ni wọ́n gbà?"

"Wọ́n gbà pé kí Akọ̀wé Àgbà gba èrò gbogbo orílẹ̀-èdè jọ, kó sì ṣe ìjábọ̀."

"Háà. Wọ́n gbà láti ṣèpàdé."

Mi ò lè jiyàn. Àmọ́ mo ti wà nínú iṣẹ́ yìí pẹ́ tó láti mọ̀ pé bí òfin àgbáyé ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS pàdé ní Freetown, wọ́n ní àwọn fẹ́ òfin tó máa de gbogbo ayé. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, nígbà tí wọ́n tún dìbò ní New York, 166 ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi dùn sí ti Freetown ju ti New York lọ.

Mo fi ọ̀rọ̀ Bàbá Ọdẹ kọ àpilẹ̀kọ kan. Jọ́nà, ìyẹn ìwé tí àwọn onímọ̀ ti ń gbé ìwádìí jáde, tí mo kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ sí dá a padà. Ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀rọ̀ ọdẹ kì í ṣe òfin, pé ìtàn dídùn lásán ni. Mo bínú fún ọ̀sẹ̀ kan, mo sì lo ọ̀sẹ̀ kejì láti dá a lóhùn. Láti ìpàdé The Hague ọdún 1899 ni gbólóhùn kan ti wà nínú òfin ogun, èyí tí wọ́n fi orúkọ Martens pè, pé níbi tí àdéhùn kò bá ti sọ̀rọ̀, ọmọnìyàn àti ẹ̀rí ọkàn gbogbo èèyàn ló máa dáàbò bo àwọn èèyàn. Àwọn agbẹjọ́rò ń fa gbólóhùn yìí yọ lójoojúmọ́. Mo bi wọ́n pé: ẹ̀rí ọkàn ta ni? Bó bá jẹ́ ti gbogbo èèyàn lóòótọ́, ti ọdẹ Ògbómọ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, a kò sì lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láìbi í. Mo yọ ìtàn tó pọ̀ jù kúrò, nítorí ibẹ̀ ni alárìíwísí náà ti rí mi mú. Jọ́nà mìíràn gbà á.

Kí n tó fi ẹ̀dà ìkẹyìn ránṣẹ́, mo pe Bàbá Ọdẹ lórí fóònù láti Jámánì, mo ka ibi tó kàn wọ́n fún wọn ní Yorùbá. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin láìsọ̀rọ̀. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já.

"Àṣàkẹ́, o kọ ọ́ pé mo súfèé lẹ́ẹ̀kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ẹni tó wà níbẹ̀ lè rò pé ẹyẹ ni."

Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo sì tún un kọ.